Ọjọ́ tí Itọ́ Kámórù Yàtọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ méjì ló ń dúró dè mí bí mo bá ti iléèwé dé: kí n fọ abọ́, kí n sì máa nu itọ́ ẹnu Kámórù, àbúrò mi ọmọ oṣù mẹ́jọ. Abọ́ máa ń tán. Itọ́ kì í tán. Ó ń kán sínú gààrí tí mo rẹ, mo sì ń mu ún bẹ́ẹ̀. Ìyá wa àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlàájà, ní eyín ló fẹ́ yọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kámórù jókòó tì wá. Nígbà tí a ta tán, ọmọ ayò kan dín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló jí i. A jà díẹ̀.

Kò pẹ́ tí itọ́ Kámórù yàtọ̀. Kì í ṣe pé ó ń kán mọ́, ṣe ló ń ṣàn. Màmá wa fún un lọ́mú, ó kọ̀. Ó ń na ọrùn, ó ń sunkún, kò lè gbé itọ́ mì.

"Eyín ni," Àlàájà wí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe eyín. Mo sì mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n má ta ayò nítòsí ọmọ, àti pé pàṣán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ Kámórù àti ti pàṣán yẹ̀ wò fúngbà díẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí pé mo yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ayò kan ti sọnù."

Màmá fẹ́ fún un lépo pupa mu, kí ọmọ ayò náà lè yọ̀ wọlé.

"Má fún un ní nǹkan kan!" Àlàájà ti ń wá gèlè. "Pọ̀n ọ́n, ká lọ."

Ní ọsibítù, dókítà fi irinṣẹ́ yọ ọmọ ayò náà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní ó dára tí a tètè dé. Nígbà tí a délé, Àlàájà fún mi ní ẹgba mẹ́ta, wọ́n sì bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi pẹ̀lú ẹja méjì. N kò béèrè èwo ni tèwo.

Lónìí, ọmọ tèmi náà ń da itọ́. Bó bá ń ṣeré, tó ń mu ọmú, mo nù ún, ó tán. Ṣùgbọ́n bí itọ́ bá ṣàdédé pọ̀, tí ọmọ kò lè gbé e mì, tó kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí èémí rẹ̀ le, ọsibítù ló kàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn bí Àlàájà là ń bi léèrè. Fóònù ni àwọn ìyá ìwòyí ń bi. Àlàájà máa ń ṣì í, ṣùgbọ́n wọ́n á dìde, wọ́n á bá ọ lọ.