Ìyẹ̀ Ìdí Òpó

Bí ẹ bá bi mí, n ó ní ìjímèrè sàn ju kòkòrò ajẹgi lọ. Olè ni ìjímèrè, ṣùgbọ́n olè ojúkorojú ni. Yóò ya àgbàdo yín, yóò há méjì sí abíyá, yóò tún bojú wẹ̀yìn wò yín kó tó sá lọ. Ẹ lè sọ ọ́ lókò, ẹ lè bú u. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ta ni yóò bú u níbẹ̀?

Oko wa wà lọ́nà ìlú Ọlá. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ìjímèrè fẹ́ jẹ wá lóko tán, ni mo bá kánjú kan pẹpẹ gíga kan tí ìyàwó mi yóò máa jókòó lé láti lé wọn. Inú òjò ni mo gé òpó rẹ̀. Baba mi ní, "Òpó tí a bá gé nínú òjò, iná la fi ń yan án kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́." Mo ní ó ti yé mi. N kò yan nǹkan kan. Olórí kunkun ni mí nígbà náà.

Ọdún kẹfà tí a fẹ́ra nìyẹn, oyún àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. N kì í jẹ́ kó ru omi. Orí pẹpẹ ni mo ní kó máa wà, iṣẹ́ ìjókòó ṣáà ni.

Lárààárọ̀ ló ń gbá ìyẹ̀ kan kúrò nídìí òpó. Ó pè mí lọ́jọ́ kan: "Ẹ wá wo nǹkan yìí, ó kúnná bí èlùbọ́."

Mo ní, "Ìyẹ̀ lásán lò ń wò, ìjímèrè sì ń jẹ wá lóko. Gòkè, jàre."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí i tó dìde láti lé wọn, mo rí pẹpẹ tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí n tó débẹ̀, ìyàwó mi ti wà nílẹ̀. Inú òpó náà ti di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn ìjímèrè ń jẹ àgbàdo ní tiwọn, n kò tilẹ̀ lè sọ òkò. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kàn dì mú. Oyún náà bà jẹ́ kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Èjìgbò. Òmíràn kò dúró mọ́.

Baba mi bi í pé kí ló dé. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ìjímèrè ló dẹ́rù bà mí, Bàbá, ni mo bá ṣubú." Títí ó fi kú, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ilé ń bú ìjímèrè. Èmi náà ń bá wọn bú u.