Wọn Ò Tíì Jí Mi

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ ní Ìbàfò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, irú èyí tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ olùdarí fíìmù wa wọlé.

Olùdarí tí mò ń wí yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó ti kú báyìí. Èmi ni mo máa ń se oúnjẹ fún wọn níbi tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù, kó tó fi mí sínú eré. Àbúrò ni mo kà á sí. Mo fẹ́ràn fíìmù rẹ̀ nítorí kì í kánjú. Bó bá nílò òjò, òjò Ọlọ́run ló ń dúró dè. Kì í fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi lé wa lórí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi parí. Àwọn kan ń fi bú u. Èmi ò bú u.

Ó ní òfin kan: ẹni tó bá kú nínú fíìmù kò gbọdọ̀ relé láìjẹ́ pé kámẹ́rà rí i kó dìde, kó sì rẹ́rìn-ín. Nínú èyí tó ń yà kẹ́yìn ní Ìbógun, èmi ni ìyá àgbà tó díbọ́n pé òun kú, kó lè gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sọ nípa ilẹ̀ rẹ̀. A ya ibi tí mo kú sí. Òjò tú wa ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́la la ó jí yín." Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò padà wá.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó na fóònù sí mi. "Màmá, a ti parí fíìmù Ọ̀gá."

Mo wò ó. Pósí ni wọ́n ń gbé lọ sí kòtò.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. A sin yín. Ó máa pa èèyàn lẹ́kún gan-an!"

"Ibi tí mo ti dìde ńkọ́?"

"Wọn ò yà á kí Ọ̀gá tó lọ. Màmá, fíìmù lásán ni."

"Lásán? Ìgbà tí ọ̀kadà pa ìwọ nínú fíìmù, ta ló ń sunkún pé kí wọ́n tètè ya ibi tóun ti dìde, kí ìyá òun má baà rí òkú òun?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Inú bí mi. N kì í pariwo; bínú bá ń bí mi, ohùn mi a máa lọ sílẹ̀ ni. Mo ní, "Ìtàn ìyá tó gbọ́n ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lẹ sọ di ìtàn òkú. Bó o bá máa parí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o parí, kì í ṣe èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Màmá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé e jáde."

"Ẹ gbé e jáde. Èmi náà á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo ẹni tó bá wá wo òkú mi lè kí mi dáadáa."

Ó ki fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti da ẹ̀wà tó dáa mọ́ èyí tí kòkòrò jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ funfun tí mo fi kú, mo wọkọ̀ dé Ifọ̀, mo gun ọ̀kadà dé Ìbógun. Onílé tá a lò nígbà yẹn ṣì mọ̀ mí. Mo tẹ́ ẹní síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo wá pe ọmọ iṣẹ́ náà: "Mo ti dùbúlẹ̀. Gbé kámẹ́rà bọ̀."

Ó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó tan kámẹ́rà, mo dìde, mo tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín."

Mo ní inú ṣì ń bí mi, kó dúró de ẹ̀rín náà.

Ó dúró.