Pèrègún Nínú Pálọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbin òdòdó sínú ilé, kó má lọ ra èyí tó rẹwà jù. Èyí tí ìyà kò lè pa ni kó mú. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí òdòdó mi méjì ló kú kí n tó gbọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mo bá ọkọ mi wá sí Òsì, ìlú rẹ̀, tí mo sì ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Kàdúná ni mo ti dàgbà, mo sì máa ń rí òdòdó nínú ìkòkò ní pálọ̀ àwọn èèyàn. Ní Òsì, ewé kì í wọ pálọ̀ àfi èyí tí wọn yóò fi pọ́n ẹ̀kọ tàbí èyí tí wọn yóò sè. Àgbàlá gan-an, gbígbá ni wọ́n ń gbá a títí yóò fi mọ́ féfé, kí ejò má baà rí ibi sá sí.

Ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ kó tó kú la jọ ń gbé: èmi àti ọkọ mi lápá kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ lápá kejì, ìyá wọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo là ń gbé kaná. Bàbá ti kìlọ̀ fún ìyá kó tó kú pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì tú ká, ìyá sì di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Bí ọkọ mi bá ra àga lásán, yóò bi í bóyá ó fẹ́ kó lọ ni.

Òdòdó àkọ́kọ́ tí mo gbé wá láti Ìlọrin, omi ló pa á. Èmi kọ́ ló bu omi náà o. Àlejò tó bá mu omi tán, yóò fi ìyókù ṣan ife, yóò dà á sídìí òdòdó mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde lọ síta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àwọn akọrin ẹgbẹ́ ọkọ mi bá yà sílé láti ṣọ́ọ̀ṣì, òdòdó á mu àmuyó. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Èkejì, òǹgbẹ ló pa òun nígbà tí a lọ síbi ìsìnkú ní Èrúkù, tí òjò ba ọ̀nà jẹ́, tí a ò tètè rí ọkọ̀ padà. Òjò ń pa wá lọ́hùn-ún, òǹgbẹ ń pa á nílé.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èyí tó lè gba ìwà wa bó ṣe rí ni mo fẹ́. Ọ̀já ìkookò ni mo kọ́kọ́ mú, ewé gígùn tó dúró ṣanṣan, tó ní àmì tóótòòtóó lára. Mo gbìn ín sínú bẹ́síìnì tó ti lu, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí omi lè ráyè jáde. Ẹ gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan, kò ní bínú. Mo tún mú àbámọdá. Bí ewé rẹ̀ kan bá já bọ́, ọmọ ni yóò hù léti rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú àbámọdá, kó lọ máa tọ́jú òkúta.

Lẹ́yìn náà ni mo wá gé pèrègún lọ́nà oko, mo rì í sínú garawa oníyẹ̀pẹ̀. Àárín pálọ̀ ni mo gbé e sí, láàárín ilẹ̀kùn tiwa àti ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń dé tí oòrùn kò ti lè jó o. Kò pẹ́ tó fi yọ ewé tútù yọ̀yọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ọmọ Kàdúná yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa náà láàárọ̀ lálẹ́, á wò ó, á gba tirẹ̀ lọ.

Ìyá kò sí nílé nígbà náà. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Odò-Ọwá. Ọjọ́ tó dé, ó wọ pálọ̀, ó rí pèrègún, ẹrù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló pín ilé yìí?" ló bi mí.

"Yèyé, òdòdó ni o."

"Òdòdó bíi ti báwo? Bí wọ́n bá pín oko fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pèrègún ni wọ́n ń rì sí ààlà. Ibi tó bá dúró sí, ẹnìkan ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ mọ́. Òun lo wá rì sáàárín àwọn ọmọ mi."

Mo ṣàlàyé, ẹnu mi dá ṣáṣá. Mo ní kì í gba omi púpọ̀, mo ní àkísà tútù la fi ń nu eruku ara ewé rẹ̀. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni ìyá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń sunkún. Ọkọ mi wọlé, ó ní kí n gbé e síta kíá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di garawa mú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti oko dé. Ó wo pèrègún, ó wo ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lára.

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀," ló wí fún mi. Ó kọjú sí ìyá. "Yèyé, ẹ má bínú. Nígbà tí mo rí i, mo rò pé àbúrò mi náà fẹ́ ká pínyà, pé ojú ló ń tì í láti sọ. Mo ti ń mọlé lọ́nà Òkè-Ọ̀pin. Àwọn ọmọ ti pọ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹ̀yin ni ẹ̀rù yín ń bà mí."

"O fẹ́ kó lọ, kí o fi mí sílẹ̀?"

"Yàrá yín ni mo kọ́kọ́ mọ, Yèyé. Òun nìkan ló ti lórùlé."

Ìyá fi etí ìró nu ojú. Ó bi í bóyá ibẹ̀ sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n ní ó sún mọ́ ọn. Ìyá wá yíjú sí mi. Mo ti ń retí èébú.

"Ìwọ ńkọ́, ìyàwó mi?" ló ní. "Ọkọ rẹ kì í tètè dé, ọmọ ò sì tíì sí. Bí mo bá bá a lọ, ta ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀?"

Èmi tí ẹnu mi ò dákẹ́ láti ìgbà tó ti wọlé, mo gbá garawa mọ́ra. Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí náà ni mo ti bú sẹ́kún.