Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Sọ Mí Di Aṣọ́lé

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó wá wo ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi. Ó wọ́ bí ìwọ̀ ìpẹja. Kì í ṣe ìjà ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọ ọmọ mi á wò ó, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà gbá bọ́ọ̀lù rí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ò gbá a, èmi ni mò ń mú un. Òyìnbó Jámánì kan ló kọ́ mi, ẹni tó fi ṣíṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù jẹun nílùú wọn, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo sì fi wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹnu ṣì ń yà mí di òní.

Ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Ìkẹjà, lẹ́bàá ojú irin tó lọ sí Agége. Ìdí ìléru ni wọ́n fi mí sí. Àwa là ń ti abọ́ sínú iná, àwa náà là ń yọ ọ́. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru tí ẹ mọ̀. Adìẹ tó bá gba ẹ̀yìn ògiri wa kọjá, sísun ló máa délé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nídìí iná yẹn kí ìjọba ológun tó gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í joro bí ewé tí oòrùn pa. Òkè òkun sì ni wọ́n ti ń ra ohun tá a fi ń kun abọ́. Kò pẹ́ tí ìléru mẹ́ta fi di méjì, tí méjì fi di ọ̀kan.

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, bá a bá dé ẹnu géètì, ìwé tuntun ti wà lára pátákó: orúkọ àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo ka ìwé márùn-ún kí bàbá mi tó ní àgbàdo ń dúró dè mí lóko, nítorí náà èmi ni mò ń ka pátákó náà fún àwọn tí kò mọ̀wé rárá. Ẹ wo iṣẹ́ tí mo gbà! Mo ka orúkọ ọkùnrin kan lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó máa ń dá gbé àpò ìyẹ̀fun tánganran méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ó dáa, kí n kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bóyá á yàtọ̀.

Jámánì tí mò ń wí yìí, ìléru ló wá ń bá wa tún ṣe. Ó ga bí òpó iná, etí rẹ̀ pọ́n bí ata rodo, àmọ́ ìka rẹ̀ ni ìran. Ìka mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n dojú kọ. Fọ́máànù wa, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló sọ fún wa pé kípà ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ rí lọ́hùn-ún, pé bọ́ọ̀lù ló ṣẹ́ gbogbo ìka yẹn.

Alága ilé iṣẹ́ wa jẹ́ ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju abọ́ lọ. Lọ́dọọdún, àwọn ilé iṣẹ́ láti Agége títí dé Ìlúpéjú máa ń du ife kan. Nínú ìyàn ọdún yẹn, Alága pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ó ní bí wọ́n bá gba ife wálé, kò sẹ́ni tó máa lé wọn lójú òun láyé. Ó ní bí wọn ò bá gbà á, kí àwọn náà wá orúkọ wọn lára pátákó bíi ti gbogbo èèyàn. Ó fi ẹgbẹ́ náà lé Jámánì lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọn ò ní: kípà wọn ti sá lọ sí Kútọnu, ó ń ta táyà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, fọ́máànù fà mí sẹ́yìn àgbá.

"Má pariwo o. Orúkọ rẹ wà lára ti Ọjọ́ Ajé."

Ìyàwó mi wà nínú oyún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àna mi tó ń gbé ní Ìfàkọ̀, ti búra fún mi pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi ni òun á wá kó àbúrò òun àti ẹrù rẹ̀ padà sílé. Òun ló dúró bíi bàbá fún un lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, kò sì fìgbà kan fẹ́ràn mi rí. Kì í sì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀ lásán.

Mo fi eré sí i, mo ń lọ bẹ máníjà. Mi ò bá máníjà. Jámánì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo sọ lọ́kàn mi pé òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́, èyíkéyìí tí mo bá rí ni màá bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ máa ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kì í gba ìkíni ààbọ̀. Bí àyà rẹ kò bá dún lórí ilẹ̀, o ò tíì kí i. Nítorí náà, láti orí eré tí mò ń sá bọ̀ yẹn ni mo ti fò sókè. Mo fò tó gígùn ibùsùn méjì. Àyà mi dún lórí sìmẹ́ǹtì, gbàgà! Mo fi ìhà ọ̀tún lélẹ̀, mo fi ìhà òsì lélẹ̀, bí ìjòyè níwájú ọba. Mo ní, "Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi!"

Jámánì ń wò mí bí ẹni tó rí ẹja tó ń fò. Ó wá nawọ́ sí ọ̀tún rẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe. Mo dìde, mo fò sọ́tùn-ún. Ó nawọ́ sósì. Mo fò sósì. Mo rò ó nínú ara mi pé, háà, òyìnbó yìí fẹ́ràn ọlá ju ọba tèmi lọ! Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, bọ́tìnnì kan kò sí lára ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́.

Fọ́máànù ló dé, tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ.

"Ó ní, ṣé o ti ṣe kípà rí?"

"Èmi kẹ̀?"

Ojú fọ́máànù le. "Dáhùn bí ẹni tó fẹ́ jẹun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé láti inú oyún ni."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé iwájú pátákó, mo rí orúkọ mi. Wọ́n ti fi báírò fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀. Mi ò lè ka orúkọ ẹlòmíì fún ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yẹn.

Irọ́ mi ò pẹ́ tú. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Jámánì gbá sí mi, imú mi ni mo fi mú un. Mo rí Ìbàdàn, mo rí Ilọrin, mo padà wá. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó ti mí lórí koríko.

"O ò ṣe kípà rí," ó ní.

"Rárá, ọ̀gá. Mo fẹ́ jẹun ni."

Mo rò pé ó máa lé mi. Ẹ̀rín ló bú sí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti kán, tèmi náà ti kán, nítorí náà la ṣe yé ara wa ju bí òun àti máníjà ṣe yé ara wọn lọ. Ó sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún mi.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Mẹ́jọ nínú rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wo ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Rárá o. Wọ́n ń sanwó fún mi lóṣooṣù."

Mo dìde dúró. Mo tún jókòó. Ìlú wo nìyẹn? Wọ́n ń sanwó fún èèyàn kó máa wo èèyàn, èmi tí irun apá mi ti jóná tán sídìí ìléru, wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi lé mi! Mo bi í bóyá bẹ́ǹṣì náà ṣì ṣófo. Kò rẹ́rìn-ín síyẹn.

Ó ní lọ́dún kẹsàn-án, èjìká kípà àgbà yẹ̀, wọ́n sì sún òun síwájú. Òun ṣọ́ ilé dáadáa fún ọdún méjì. Ó wá ku ìdíje kan tó máa sọ bóyá ẹgbẹ́ wọn á dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá tàbí wọ́n á já wálẹ̀. Wọ́n fún àwọn kejì ní pẹ́nátì. Ẹni tó fẹ́ gbá a wo òun lójú, ó fi ẹsẹ̀ falẹ̀ díẹ̀. Òun ò lè dúró dè é mọ́, òun fò sọ́tùn-ún. Ọkùnrin yẹn rọra ti bọ́ọ̀lù gba ojú ibi tí òun ti kúrò.

"Ó ń lọ jẹ́jẹ́," Jámánì ní, "bí àgùntàn tó ń re ilé. Mo wà nílẹ̀, mò ń wò ó."

Wọ́n já wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún pè é ṣọ́ ilé mọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìléru. Ó wá di etí mi mú bí olùkọ́ ilé kéú.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ mira ló pàdánù. Má mira! Báwo lẹ ṣe ń pe ìyẹn lédè yín?"

Mo ní, "Dúró."

"Dúró," ó ní. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: mo di kípà. Ọjọ́ kan wà tí mo gbá bọ́ọ̀lù kan mọ́ra débi pé atẹ́gùn inú rẹ̀ sá jáde. A ń borí, à ń lọ, títí ó fi ku àwa àti ilé iṣẹ́ kan láti Ìlúpéjú. Ìgbà tí wọ́n jáde sórí pápá ní Agége ni mo tó mọ ẹni tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Àna mi ni.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí èmi àti ọkùnrin yìí ṣe máa ń pàdé. Ibi yòówù kí n ti rí i, ìbáà jẹ́ ibùdókọ̀, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀, gbalaja ni mo gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ dìde àfi tó bá ní, "Dìde." Kì í tètè sọ ọ́. Ó máa kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà àbúrò rẹ̀, ó máa sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó máa wo bàtà rẹ̀. Mo kí i báyìí lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìfàkọ̀ tó tẹ̀ lé e wá pàtẹ́wọ́.

A gbá góòlù kan sílé wọn. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn ni ọwọ́ ẹnì kan nínú wa kan bọ́ọ̀lù. Pẹ́nátì! Bó bá wọlé, ọ̀mì nìyẹn, wọ́n á fi àkókò kún eré; àyà àwọn tiwa sì ti já, wọ́n á gbá wa bí ìgbálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo rí pátákó tó dúró gbọin lójú mi, mo rí ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ká ọwọ́ lérí.

Ta ló gbé bọ́ọ̀lù? Àna mi. Ó gbé e kalẹ̀, ó nà tán, ó wò mí.

"Àna mi, ṣé bá a ṣe ń kíra wa nìyí? O rí mi, o dúró gangan bí igi?"

Háà! Òye yé mi. Ó mọ̀ pé bó bá sọ bẹ́ẹ̀, màá balẹ̀, á sì gbá bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá. Àwọn ará Ìfàkọ̀ ti gbè é.

"Kí àna rẹ! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Ọ̀yọ́ wo lo ti wá?"

Orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi kọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n lára. Àna mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀. Ni ohùn kan bá bú láti ẹ̀gbẹ́ pápá bí ìbọn:

"Dúró!"

Mo dúró.

Mi ò lè gbàgbé ojú àna mi. Láti ìgbà tó ti mọ̀ mí, kò tíì rí mi lóòró tán rí. Mo rò pé kò mọ̀ pé mo ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, kò lè pe bọ́ọ̀lù náà padà. Àárín gbùngbùn ló gbá a sí, ibi tí ó yẹ kó ṣófo. Mo gbé ọwọ́ sí i. Ìka mi ró pàá. Bọ́ọ̀lù lu àyà mi, ó jábọ́ síwájú, mo sì ṣubú lé e gbalaja, àyà mi dún, gbàgà!

Láti orí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni mo ti ní, "Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n."

Rẹfirí fọn fèrè. Gbogbo pápá dà wọlé. Wọ́n ń fà mí, mo ní rárá, kò tíì ní kí n dìde. Àna mi dúró lé mi lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò bèèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni.

"Dìde," ó ní, "jàǹdùkú."

Lọ́jọ́ Ajé, mo wá ka pátákó pẹ̀lú ìka tí wọ́n fi igi dì. Kò sí orúkọ mi. Kò sí ti agbábọ́ọ̀lù kankan. Mò ń yọ̀ nígbà tí fọ́máànù fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Wọ́n ti ní kí Jámánì máa lọ."

"Jámánì wo?"

"Mélòó la ní? Owó ìlú wọn ni wọ́n ń san fún un. Náírà ò ká a mọ́."

Èmi tí mò ń ka orúkọ gbogbo ayé! Wọn kì í lẹ orúkọ òyìnbó mọ́ pátákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ǹ bá ti rí i. Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ife. Lọ́jọ́ Ajé, ó fún un ní lẹ́tà.

Mo bá a lẹ́nu géètì, àpótí rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò. Ó di ìka mi tí wọ́n dì mú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó mi orí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin gígùn yẹn balẹ̀. Ó nà gbalaja sínú erùpẹ̀ pupa níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù.

Mẹ́gádì figbe ta. "Yéè! Òyìnbó ti ṣubú!"

Ẹni tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tó gba oúnjẹ là lẹ́nu eku fún mi, òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi! Ṣé kí n wá dúró? Èmi náà balẹ̀. A wà níbẹ̀, imú sí imú, kálukú ń dúró kí ẹnì kejì sọ pé dìde. Òun ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi mọ̀ ọ́n, kò jáde lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó mira nínú wa títí fèrè ilé iṣẹ́ fi dún pé kí n lọ sídìí iná.