Ewúrẹ́ Káńsẹ́lọ̀ Ń Sùn Lórí Afárá Wa

Wezi ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí pé orin òkú lo fẹ́ fi jó wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó rẹ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé "Gbé Mi Kọjá" ni ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ yàn, òkèlè sima kì í gba ọ̀fun mi lọ dáadáa mọ́. Ẹni tó ni orin yẹn ti kú. Ìyá àgbà NyaKumwenda ni, aládùúgbò wa, tó máa ń bu thobwa fún ẹ mu nígbà tó o bá ti ilé ìwé dé. Etí odò Kalwe ló kú sí ní ìgbà òjò tó kọjá, níbi tó ti ń retí kí wọ́n gbé òun kọjá.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Suzgo ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wa kùsà ní Joni lọ́hùn-ún, kò pè, kò kọ̀wé, bí ẹni pé ihò ìwakùsà ló bí i. Inú ìwé ìròyìn ni mo ń kọ èyí sí, torí fóònù rẹ kì í gbé ìpè mi. Bí o kò bá tilẹ̀ ka ìwé ìròyìn, ẹni tó ń ta mandasi díndín fún ẹ á fi ojú ewé yìí wé e lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo sọ fún ẹ pé ìyá àgbà ti kú, o ní, "Áà, ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," lo bá gé ìpè. Gígé ni gbogbo ẹ̀yin ará Lilongwe mọ̀.

Orin náà ńkọ́? Kò sí ilé ọtí tí wọn kì í ti lù ú. "Gbé mi kọjá, ọkọ mi, omi ti dé orúnkún. Gbé mi kọjá, omi ti dé àyà." Àwọn tọkọtaya á dì mọ́ra wọn, wọ́n á dijú, wọ́n á máa mì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní omi ìfẹ́ ni. Omi ìfẹ́ kẹ̀! Omi Kalwe ni, omi ẹrẹ̀ tó gbé àbúrò NyaKumwenda lọ tòun ti apẹ̀rẹ̀ àgbàdo tó rù.

Orin odó ni, Wezi, àbí ìlú ńlá ti jẹ́ kó o gbàgbé? Nílé wa, ohun tí obìnrin bá fi orin sọ nídìí odó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é lẹ́jọ́. Ọkọ kò gbọ́dọ̀ bínú, ìyá ọkọ kò gbọ́dọ̀ fèsì, olóyè pàápàá á ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi orúkọ ẹni tí à ń bá wí bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ dárò. A ó máa gún un, a ó máa gún un, ìgbà tí ìyẹ̀fun bá kúnná, tí a fẹ́ gbé ọmọ odó sílẹ̀, ìgbà yẹn la tó ń dárúkọ. Ìdí orin lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ilé iṣẹ́ rédíò wá gba ohùn NyaKumwenda sílẹ̀ kò bèèrè. Ó gbọ́ apá ìdárò, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ó ti tó, Ìyá! Ó ti dùn!" ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀.

NyaKumwenda ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì gbé ọmọ odó sílẹ̀ o."

Ó ní, "Ìyá, rédíò kì í fẹ́ orin gígùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé orí ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n gé nìyí: "Zgambo, pákó afárá dà? Zgambo, ewúrẹ́ rẹ ń sùn lórí afárá wa."

Kì í ṣe àlọ́. Ìjọba kó pákó wá fún afárá Kalwe lóòótọ́, gbogbo wa rí i, a tilẹ̀ jó. Kò pẹ́ tí pákó fi di ilé ewúrẹ́ lágbàlá Káńsẹ́lọ̀ Zgambo. Ilé ewúrẹ́ tó dára ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ga lórí òpó, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kankan kì í kan ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ NyaKumwenda ló ń kan ẹrẹ̀.

Nígbà tí ibà dá a wó, a fi ibùsùn gbé e dé etí odò. Omi ti bo bèbè. Ilé ìwòsàn wà lódìkejì, ó sún mọ́ wa débi pé a rí nọ́ọ̀sì tó ń sá aṣọ. A pè é títí, ó juwọ́ sí wa, a juwọ́ sí i. Kí ló tún lè ṣe? Ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì ń lu rédíò kíkankíkan. Ẹ sọ ọ́ fún mi, orin wo? "Gbé mi kọjá, ọkọ mi."

NyaKumwenda lajú. Ó ní, "Ẹ gbọ́ wọn? Wọ́n tún ti gé e." Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó o mọ̀ yẹn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sinmi."

"Sinmi kẹ̀? NyaMhango, ìwọ ni kó o bá mi gbé ọmọ odó sílẹ̀." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Omi fà lọ́jọ́ ìsìnkú. Ta la rí tó ń bọ̀? Káńsẹ́lọ̀ Zgambo, lórí ẹ̀yìn ọkùnrin kan, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹlòmíràn ru agbóhùnsókè tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n gbé kọjá nìyẹn! Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ní, "A ti pàdánù ìyá ìfẹ́ wa!" Ó ní kí wọ́n lu orin náà, ó sì ń jó, ó ń mi ìdí lójú òkú.

Èmi àtàwọn obìnrin wà nídìí odó, à ń gún àgbàdo ìsìnkú. Bí agbóhùnsókè ṣe dé ibi tí orin máa ń dákẹ́ sí, a gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Zgambo, pákó afárá dà?" Ẹsẹ̀ Zgambo kan ṣì wà lókè níbi tó ti ń jó.

"Kí lẹ̀ ń kọ yẹn?"

NyaGondwe àgbà dá a lóhùn láìgbójú sókè: "Orin odó ni, Bwana. Ẹ máa jó lọ. Ó kù díẹ̀ kó kúnná."

Ó wo olóyè. Olóyè ń wá áṣáà nínú àpò rẹ̀, ó wá a títí Zgambo fi tún gun ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn padà.

Wọ́n ní ibà ló pa NyaKumwenda. Ibà wo? Ṣé ibà ló kó pákó afárá wọ àgbàlá Káńsẹ́lọ̀? Ta ló kó pákó fún Zgambo ní ọ́fíìsì àgbègbè? Ta ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́ yẹn tí kò bi í léèrè? Kí Zgambo fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó kó pákó wá sétí Kalwe kí òjò tó dé, kí ọ́fíìsì sì jáde wá ṣàlàyé lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin ará rédíò náà, ẹ wá gba ìyókù orin lẹ́nu wa. A ò ní gbowó. Ẹni a bá wí fún, Ọba jẹ́ ó gbọ́.

Wezi, o ní ẹ̀yin méjèèjì máa wá kí mi nígbà òjò, lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bí oyún bá ti wà ńkọ́? Ẹ̀yìn ta lo máa gùn? Ohun tó ń jí mi lójú oorun nìyẹn. Mo sì gbọ́ pé ìjókòó iwájú lẹ fún Zgambo níbi ìgbéyàwó náà, torí pé káńsẹ́lọ̀ ilé wa ni.

Ó dára. Ẹ fi í síbẹ̀. Jó orin rẹ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má gé e. Èmi á ru odó mi wá sí Lilongwe. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé padà kí n mọ ibi tí wọ́n máa gbé odó sí. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó Zgambo ni mo fẹ́.