Ewé Tí Wọ́n Ní Kí N Hú

Mi ò ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ewé. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ nílé, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí. Ẹ̀yìnkùlé mi ní Pickering ni àwọn ewé náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí mo ti ń gbin tòmátò tẹ́lẹ̀, tòmátò tí kì í pọ́n kí òtútù tó dé.

Ìyá arúgbó kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa tẹ́lẹ̀ ló ni wọ́n. Ọmọ Wales ni ìyá náà, ọkọ wọn ló mú wọn wá sí Kánádà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn. Orúkọ ẹni tó lè bí mi? Màmá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì gba kámú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní Toronto, ni mo bá rí Màmá lẹ́yìn fẹ́ǹsì, wọ́n fọwọ́ lé igi kékeré kan, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, ó mà ṣe o, orí ìyá yìí ti fẹ́ dàrú. Wọ́n fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ ewé mélòó kan, wọ́n sì bu omi sí ìdí igi náà bí ẹni tó ń dúpẹ́. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wò. Ìyá tèmi ni mo rí.

Ní Ìbàdàn, ìyá mi kì í já ewé láìkí i. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn fún un, wọ́n á sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn ò ní í já a, wọ́n á ní ewé ti sùn. Bí ibà ọmọ ò bá ṣe é fi dàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ kó lè jí. Ìyá mi yìí kan náà ni olórí ẹgbẹ́ aláàdúrà, wọ́n ń gbààwẹ̀ ju pásítọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ.

Ọkọ̀ fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti ní ọ̀rẹ́. Màmá sọ fún mi pé ọ̀nà àwọn Dúrúìdì làwọn ń tọ̀. Àwọn Dúrúìdì yìí ni àgbààgbà tó mọ igi mọ ewé nílẹ̀ wọn láyé àtijọ́, kí ìhìnrere tó débẹ̀. Wọn ò kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì ti bá wọn wọlẹ̀. Màmá ò purọ́ fún mi. Wọ́n ní ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù làwọn rí mú, àwọn fúnra àwọn làwọn sì fi ìyókù kún un. Lára ohun tó ṣẹ́ kù ni pé wọn kì í jẹ́ kí irin kan àwọn ewé kan. Òmíràn wà tó máa ń hù lórí igi ńlá, dòjé wúrà ni wọ́n fi ń gé e, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sísàlẹ̀ kó má baà kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀, pé kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, pé orí igi onígi ló ń gbé, mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Màmá, àfòmọ́ nìyẹn. We have it at home." Mo pa òwe ẹ̀ fún wọn: àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Mo túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n ní, "That's you and me, dear."

Wọ́n kọ́ mi ní yarrow tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́, àti meadowsweet olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sè fún orí fífọ́. Èmi náà gba èsìsì ilẹ̀ wọn, mo fi ata àti irú rò ó bí ẹ̀fọ́. Màmá jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì ṣíwọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún mi, mò ń lò ó, kẹ́nì kan má fi ìyẹn bú mi. Màmá gan-an ló máa ń bi mí bóyá mo ti lò ó.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ọmọ wọn wá kó wọn lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà ní Georgetown, nítòsí ilé tiẹ̀. Wọ́n máa ta ilé náà. Màmá ò sunkún ilé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n gbé garawa dání.

"They'll put down grass," wọ́n ní. "Will you keep them alive for me?"

Mo ní màá ṣe é. Ọwọ́ àti igi la fi wú wọn, nítorí Màmá ò fẹ́ kí irin kan gbòǹgbò wọn. Ẹrẹ̀ wọ gbogbo èékánná mi. Ohun tí mo ṣèlérí nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń pàdé nílé mi ní gbogbo Sátidé láti ìgbà táwọn ọmọ ti wà ní kékeré. Èmi ni olórí. Sister kan tó máa ń wa mọ́tò wá láti Springdale rí meadowsweet tí mo so rọ̀ lójú fèrèsé kíṣìnì, ó bi mí, mo sì sọ bó ṣe jẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ bá wọn wá.

"Sister, mi ò sọ pé àjẹ́ ni yín o," Pásítọ̀ ní. "But that woman's leaves, covenant dey inside. Ẹ hú u. Tó bá di next Saturday tó ṣì wà níbẹ̀, fellowship máa kúrò nílé yìí, ẹ sì máa step down."

Mo kọjú sí Sister. "Sister mi, kí ló wà nínú freezer yín?"

Èmi náà ni mo bá wọn dáhùn. Ewúro ni, efinrin ni, àti dongoyaro tí wọ́n fi ìró wé wá láti Lagos. Èyí tí wọ́n sè nígbà tí ibà mú ọkọ wọn, ojú mi ló ṣe.

Mo ní, "Ta ló ri ewúro yín bọmi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

"Tiwa yàtọ̀," Pásítọ̀ ní. "That one na food and medicine."

"Ọlọ́run tó dá ewúro ló dá èyí, sir. Àbí ẹlòmíì ló dá igbó Wales?"

Ọmọ mi obìnrin gba yàrá ìgbàlejò kọjá. "Mum, it's literally a plant," ló wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkọ mi ní kí n ro ó dáadáa. "Ewé lásán," ó ní. "Ṣé wàá tìtorí ewé pàdánù àwọn èèyàn ẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin yìí ló wẹ ọmọ mi nígbà tí mo bímọ. Nígbà tí ìyá mi kú tí mi ò lè lọ sílé, àwọn ló jókòó tì mí. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún nílé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mo sì rí i pé bí mo bá hú ewé yìí, ìyá tèmi ni mo ń pè ní abọ̀rìṣà nínú sàréè wọn.

Sátidé pé. Wọ́n bá mi dé ẹ̀yìnkùlé. Pásítọ̀ ti mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wá, wọ́n nà án sí mi. Mo gbà á, mo fi ti fẹ́ǹsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ lé meadowsweet, mo sì kí i sókè ketekete bí ìyá mi ṣe máa ń kí ewé. Mo dárúkọ Màmá fún un. Mo ní wọ́n wà ní Georgetown, orí ń fọ́ wọn, orúnkún ń dùn wọ́n, mo sì ní kó ṣiṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán an, lórúkọ Jésù. Mo tú gèlè funfun tí mo máa ń wé fún àdúrà, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo sì fọwọ́ ṣẹ́ òdòdó mélòó kan sí i.

"Ẹ ṣe àmín," mo ní.

Kò sẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n mú ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Springdale ni wọ́n ti ń pàdé báyìí. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ìjókòó iwájú sì ni mo ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ Sátidé náà gan-an ni mo gba 401 lọ sí Georgetown, láìwé gèlè. Màmá ti rù. Wọn ò béèrè àlàáfíà mi.

"Are they alive?"

Mo tú gèlè náà lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo ní gbogbo wọn ló wà láàyè. Wọ́n gbé òdòdó náà sí imú, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ní ṣé mo kí i kí n tó já a. Mo ní mo kí i. Wọ́n ní kí n kí i lójú àwọn, kí àwọn gbọ́. Mo tún gbogbo ẹ̀ sọ ní Yorùbá, títí dé orúkọ Jésù, Màmá sì ṣe àmín.