Ẹlẹ́rìí Tí Mo Fi Pamọ́

Òórùn ìtọ̀ àti ọṣẹ ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Plumstead Common ní London. Bí mo bá gbọ́ irú òórùn yẹn lónìí, inú á bí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí èmi nìkan gbé bàbá sìgbọnlẹ̀ kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ni nǹkan bá já níbàdí mi. Wọ́n ní èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn, wọ́n sì lé mi bí ẹni lé ajá. Mo pè wọ́n lẹ́jọ́, kí adájọ́ lè sọ ọ́ síta pé àwọn ló ṣe mí léṣe.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀dá, tó ń ṣe lọ́yà ní Amẹ́ríkà ló ní kí n má wá lọ́yà kankan, òun á máa tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù. Mo ti rí ẹlẹ́rìí gidi: Auntie kan, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn. Ó ní èèyàn méjì ló yẹ kó gbé bàbá yẹn. Adájọ́ sì ti pàṣẹ pé kí èmi àti àwọn tí mo pè lẹ́jọ́ fi àkọsílẹ̀ ohun tí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ ránṣẹ́ síra wọn ṣáájú. Mo ka àṣẹ náà fún Bọ̀dá lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, má dá wọn lóhùn. Ní state court wa níbí, bí ẹjọ́ bá jẹ mọ́ ìṣègùn, a kì í dárúkọ ẹlẹ́rìí wa fún ọ̀tá. Federal court nìkan ló ń béèrè gbogbo àlàyé yẹn.”

“Bọ̀dá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti London?”

“Òfin ni òfin. Àbí o fẹ́ kí wọ́n lọ yí obìnrin yẹn lọ́kàn padà ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ta ló ń sọ̀rọ̀ físà nínú wa kí bàálù tó gbéra? Mo fi Auntie pamọ́ bí oyún oṣù méjì.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ní Woolwich, bí mo ṣe pe Auntie ni lọ́yà wọn dìde, ó ní àwọn ò rí ìwé kankan nípa rẹ̀. Adájọ́ wò mí.

“Ṣé mo pàṣẹ àbí mi ò pàṣẹ?”

“Ẹ pàṣẹ, sà.”

Ó ní kí Auntie padà jókòó. Nọ́ọ̀sì tiwọn, tí wọ́n ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tipẹ́, wá ń rojọ́ pé ẹ̀bi mi ni, kò sì sí ọ̀mọ̀wé kankan tó ta kò ó. Bí mo ṣe pàdánù nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sí Thamesmead, Auntie ò wo ojú mi.

Mo pe Bọ̀dá. “Ah, á jẹ́ pé tiyín jọ ti federal nìyẹn,” ló wí. Mo já fóònù mọ́ ọn létí. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣi òfin mú. Ohun tó dùn mí ni pé mo béèrè, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, torí pé bó bá bàjẹ́, kò kàn án. Bọ̀dá ṣì ń ṣe lọ́yà. Èmi ò tíì gbé ọmọ-ọmọ mi nílẹ̀ rí, àfi kí wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.